Lẹ́tà oníbàárà àdìrẹ: ṣé mo lè máa gbà á, kí n sì máa dáhùn rẹ̀ láti inú terminal nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí?

Aláró Ìtòkú kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ìtòkú ni mo wà, ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí Olúmọ. Iṣẹ́ aró ni iṣẹ́ ilé wa. Ìyá mi àti àwọn àbúrò wọn obìnrin ló wà nídìí ìkòkò aró; èmi ni mò ń bá wọn ṣe àkọsílẹ̀: ta ló fẹ́ yáàdì mélòó, ṣé ẹlẹ́kọ ni àbí oníko, ta ló ti sanwó, ta ni kò tíì san. WhatsApp ni àwọn oníbàárà tó wà nílé ń lò. Àwọn tó ní ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, ímeèlì ni wọ́n máa ń kọ, torí wọ́n fẹ́ ìwé tí wọ́n lè tọ́ka sí tí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn béèrè fún ìró ẹlẹ́kọ 50. Mo jókòó ti èsì rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń po láfún, bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya batani sórí aṣọ funfun, iye ìgbà tí a máa rì í bọ inú aró kó tó dúdú bó ṣe fẹ́, àti iye tí ìró kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Bí mo ṣe tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ojú ìwé náà ń yí, ó ń yí, ó wá funfun báláú. Nígbà tó padà dé, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí n tó rí ọ̀nà tún un kọ, oníbàárà náà sì ti bá ẹlòmíràn lọ. Ìyá mi ò bá mi wí, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn.

Láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà. 2GB ni RAM rẹ̀, Debian 12, irú Linux kan, ni ọmọ àbúrò ìyá mi bá mi gbé sí i. Tí mo bá ṣí browser, fáànù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó kí lẹ́tà kan tó jáde. Dátà tí mò ń rà, ara ojú ìwé ló ń bá lọ. Lẹ́tà gan-an ò ju ìlà mẹ́wàá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí: kí lẹ́tà máa wá sórí láptọ́ọ̀pù mi kó sì dúró síbẹ̀, kí n lè kọ èsì lóru tí iná ò sí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, kó máa lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ètò kan wà tí wọ́n ń ṣe èyí nínú terminal, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Mo mọ `cd`, mo mọ `ls`, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi nano kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé kí n kúkú gbé sáfà ímeèlì tèmi kalẹ̀ nílé ni, kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà tó sì ń fi ránṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.


Ẹ̀gbọ́n Ọbáńtókò dáhùn:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ìró 50 yẹn dùn mí dọ́kàn. Ohun tó o fẹ́ yìí ṣeé ṣe, láptọ́ọ̀pù rẹ sì tó o ṣe é. Èyí tí mò ń lò kéré sí i.

Ohun kan ni kó kọ́kọ́ yé ọ kí ìyókù tó rọrùn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni browser ń bá ọ ṣe pọ̀: ó ń lọ gbé lẹ́tà wá, ó ń fún ọ ní ibi tó o ti ń kà á tó o sì ń kọ èsì, ó tún ń gbé èsì lọ. Torí pé ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ já. Nínú terminal, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tirẹ̀. mbsync ló ń gbé lẹ́tà wá. mutt ni wàá fi kà tí wàá fi kọ. Michael Elkins ló kọ ọ́ lọ́dún 1995, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní. msmtp ló ń gbé e lọ. Ẹni tó ń kọ̀wé ò ní mọ̀ rárá pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

`sudo apt install isync mutt msmtp pass w3m`

Inú isync ni mbsync wà, má wá a lọ síbòmíràn. w3m wà fún lẹ́tà tó bá wá bí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí àdírẹ́sì rẹ bá jẹ́ ti Gmail, ọ̀rọ̀ aṣínà tó o fi ń wọlé lójoojúmọ́ ò ní ṣiṣẹ́ níbí, wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ọdún 2022. Wàá tan ìfìdímúlẹ̀ alábala méjì nínú àkántì rẹ, wàá wá ní kí wọ́n fún ọ ní ọ̀rọ̀ aṣínà ti ètò kan ṣoṣo, lẹ́tà a-b-d 16 ni. Inú `pass`, àpótí tó ń ti ọ̀rọ̀ aṣínà pa, ni kó o fi í sí. Má kọ ọ́ sílẹ̀ gbalasa nínú fáìlì.

Fáìlì `~/.mbsyncrc` rẹ máa rí báyìí:

IMAPAccount itoku
Host imap.gmail.com
User ÀDÍRẸ́SÌ-RẸ
PassCmd "pass show imeeli"
SSLType IMAPS

IMAPStore okere
Account itoku

MaildirStore ile
Path ~/Imeeli/
Inbox ~/Imeeli/INBOX
SubFolders Verbatim
MaxSize 200k

Channel itoku
Far :okere:
Near :ile:
Patterns INBOX "[Gmail]/Sent Mail"
Create Near
SyncState *

Fi ọwọ́ ara rẹ dá fódà `Imeeli` sílẹ̀ kó o tó pe `mbsync itoku`. Tó bá di ọjọ́ tó o bọ́ sórí Debian 13, `TLSType` ni wàá kọ dípò `SSLType`. Má sì ṣe ní kó gbé `All Mail` wá. Gbogbo lẹ́tà tó wà nínú INBOX ló tún wà níbẹ̀, wàá fi dátà gbé ẹrù kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìlà `MaxSize 200k` yẹn ni kó o fọwọ́ pàtàkì mú. Àwọn oníbàárà máa ń fi àwòrán ránṣẹ́, àbí? Ímeèlì kì í gbé àwòrán bó ṣe wà. Ó máa ń sọ ọ́ di lẹ́tà a-b-d ná, nǹkan mẹ́ta á di mẹ́rin. Àwòrán tó jẹ́ 6MB lórí fóònù á ti lé ní 8MB kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Pẹ̀lú ìlà yìí, lẹ́tà tó bá tóbi ju 200k lọ, àmì rẹ̀ nìkan ni mbsync máa gbé wá: ta ló kọ ọ́, kí ni àkọlé rẹ̀, báwo ló ṣe tóbi tó. Tó o bá rí i pé o nílò rẹ̀, dúró lórí rẹ̀ nínú mutt, tẹ `F`. Ìgbà tí mbsync bá tún lọ, á gbé odindi rẹ̀ bọ̀. Ìwọ lo máa yan èyí tó tó dátà náwó lé lórí.

Àbúrò, jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ibi tí lẹ́tà ń gbé, torí ibẹ̀ ni ọkàn rẹ máa ti balẹ̀. Maildir ni wọ́n ń pè é, Daniel J. Bernstein ló ṣe é fún sáfà rẹ̀ tó ń jẹ́ qmail. Lẹ́tà kan, fáìlì kan. Ṣí `~/Imeeli/INBOX`, wàá rí fódà mẹ́ta: `tmp`, `new`, `cur`. Lẹ́tà tó ń bọ̀ lọ́nà, inú `tmp` ló ti ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá pé pérépéré ni wọ́n tó sún un bọ́ sí inú `new`, sísún yẹn sì jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ìdajì. Tó o bá ti rí i, á bọ́ sí `cur`. Nítorí náà, bí bátìrì bá kú láàárín ọ̀nà, lẹ́tà kò lè jẹ́ àbọ̀ nínú `new`. Yálà kó wà níbẹ̀ ní odindi tàbí kó má sí. Àwọn ètò ayé àtijọ́ a máa kó gbogbo lẹ́tà sínú fáìlì gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní mbox. Bí èyí bá bàjẹ́ láàárín, ìyókù lè bá a lọ.

Ní ti fífi ránṣẹ́, `~/.msmtprc` máa ní `host smtp.gmail.com`, `port 587`, `auth on`, `tls on`, `from` àti `user` tó jẹ́ àdírẹ́sì rẹ, àti `passwordeval "pass show imeeli"`. Ṣe `chmod 600` fún un, kí ìwọ nìkan lè kà á. Àwọn ètò kékeré méjì kan máa ń bá msmtp wá, msmtpq àti msmtp-queue. Msmtpq ni kó o fún mutt ní ìlà `set sendmail`, má fún un ní msmtp gan-an. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, msmtpq á to lẹ́tà rẹ sínú ìlà, á sì dákẹ́. Tó bá dé, `msmtp-queue -r`, wọ́n á gbéra. `msmtp-queue -d` á fi hàn ọ́ èyí tó ṣì ń dúró.

Nínú `~/.muttrc`, kọ `set mbox_type=Maildir`, `set folder=~/Imeeli`, `set spoolfile=+INBOX`, `unset record` (Gmail fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tó o bá fi ránṣẹ́), àti `set editor=nano`. Lẹ́yìn náà, kọ èyí, má fò ó: `set tmpdir=~/akosile`, kó o sì dá fódà náà sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú `/tmp` ni èsì tó ò ń kọ lọ́wọ́ máa wà, wọ́n sì lè gbá `/tmp` mọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn. Bó o bá ń kọ ọ́ lọ, máa tẹ Ctrl+O ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bátìrì kú o, iná lọ o, ohun tó o ti fi pamọ́ kò níbi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Má fi `Expunge Both` sínú mbsync títí ọwọ́ rẹ á fi mọ́ ọn lára. Ohun tó o bá pa rẹ́ nílé á parẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú.


Ọmọ Alábàtà dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Ọbáńtókò sọ ni mo fara mọ́. Èmi fẹ́ dáhùn ìbéèrè kejì, ti sáfà, torí mo ti gbìyànjú rẹ̀, ó sì jẹ mí ní oṣù mẹ́ta.

Ẹ má fi ilé ṣe ibi tí lẹ́tà á ti máa jáde lọ bá ayé. Postfix, ètò sáfà ímeèlì kan, rọrùn láti gbé kalẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì sí àbùkù lára rẹ̀ rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé àwọn tó máa gba lẹ́tà yín kò ní gbà á. Ìgbà tí wọ́n kọ òfin SMTP, tí sáfà fi ń gbé lẹ́tà fún ara wọn, sílẹ̀ lọ́dún 1982, kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí olùránṣẹ́ fi ara rẹ̀ hàn. Sáfà kan á kí èkejì, á ní `MAIL FROM` ẹni báyìí, `RCPT TO` ẹni báyìí, `DATA`, á ka lẹ́tà náà jáde, á fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sórí ìlà kan láti sọ pé ó parí. Orúkọ tí ó bá wù yín lẹ lè dá ní `MAIL FROM`. Oníjìbìtì rí àyè yẹn, wọ́n wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ayé fi ń béèrè ẹ̀rí lónìí.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni pé nọ́ńbà IP (èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi mọ kọ̀ǹpútà) tí lẹ́tà ti wá gbọ́dọ̀ ní orúkọ, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ tọ́ka padà sí nọ́ńbà yẹn. PTR ni wọ́n ń pè é, ẹni tó ni nọ́ńbà IP ló lè kọ ọ́. Lórí dátà fóònù, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tiyín. Ọ̀pọ̀ èrò ló ń lò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí bí ẹnikẹ́ni láyé ṣe lè kan ìlẹ̀kùn yín láti ìta. Níbi tèmi ti fọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni SPF, tó ń sọ àwọn sáfà tó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ yín, àti DKIM, tó ń bu ọwọ́ lu lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àti DMARC, tó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí èyí tí kò bá yege. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Gmail àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan: gbogbo ẹni tó bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn gbọ́dọ̀ ní PTR àti ó kéré tán ọ̀kan nínú SPF àti DKIM; ẹni tó bá ń fi púpọ̀ ránṣẹ́ (Gmail ní nǹkan bí 5,000 lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ) gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà tó bá wọ inú spam kò yàtọ̀ sí lẹ́tà tó sọnù. Ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ tó ti ní orúkọ níwájú àwọn tó ń gba lẹ́tà máa bá yín gbé e jáde.

Ṣùgbọ́n sáfà kan wà tó lè ṣe yín lóore nínú ilé. Mo rí i nínú ọ̀rọ̀ yín pé ìyá yín ló mọ iṣẹ́ náà jù, ẹ̀yin lẹ sì ni láptọ́ọ̀pù. Tí wọ́n bá fẹ́ wo àwòrán batani tí oníbàárà fi ránṣẹ́, ṣé ẹ máa gbé láptọ́ọ̀pù lọ sídìí ìkòkò aró ni? Ẹ fi `dovecot-imapd`, sáfà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn ka lẹ́tà tó wà lórí láptọ́ọ̀pù, sórí rẹ̀. Ará Finland kan, Timo Sirainen, ló gbé Dovecot jáde lọ́dún 2002, fódà Maildir tí mbsync ti kún yìí náà ló sì máa ń kà. Ìlà kan ló ṣe pàtàkì:

`mail_location = maildir:~/Imeeli:LAYOUT=fs:INBOX=~/Imeeli/INBOX`

Dovecot 2.3 tó wà nínú Debian 12 lèyí wà fún; 2.4 ti yí ìlà yẹn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ so fóònù ìyá yín mọ́ Wi-Fi ilé, ẹ sọ fún ètò ímeèlì tó wà lórí rẹ̀ pé láptọ́ọ̀pù yín ni sáfà, pọ́ọ̀tù 993. Fóònù á béèrè bóyá ẹ gba ìwé ẹ̀rí sáfà náà gbọ́. Ẹ ní ẹ gbà, torí ẹ̀yin lẹ ni ín. Láti orí láptọ́ọ̀pù sí orí fóònù, lẹ́tà ò jáde kúrò nínú ilé, kò sí dátà kankan tó lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ sanwó àwòrán náà, ẹni mẹ́rin lè wò ó.


Aláró Ìtòkú kọ:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mbsync gbé lẹ́tà 312 wá. Mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ṣí mutt, gbogbo wọn wà níbẹ̀! Fáànù láptọ́ọ̀pù ò hó rárá.

Ìṣòro méjì ló kù. Ọ̀kan: níbi tí oníbàárà bá ti kọ "ẹlẹ́kọ" tàbí orúkọ ìyá mi, àmì ìbéèrè ló ń jáde dípò ẹ àti ọ. Mo tẹ `locale`, àṣẹ tó ń fi èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò hàn, ó ní "POSIX". Èkejì: mo lo `l` pẹ̀lú `~b` (tó ń wá inú lẹ́tà) nínú mutt láti wá gbogbo lẹ́tà tí "ẹ̀kọ" wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta jáde, mo sì mọ̀ dájú pé ó ju mẹ́wàá lọ. Mo ṣí àwọn tí kò jáde, mo rí "ẹ̀kọ" níbẹ̀ kedere nígbà tí mo kà á lórí fóònù. Ojú mi ò tàn mí.


Onítẹ̀wé Ṣàpọ́n dáhùn:

Ọmọ mi, o káre. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, n ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó o béèrè gbẹ̀yìn yìí, iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo fi jẹun dàgbà. Ní Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn lédè Yorùbá lọ́dún 1859, kó tó di pé ẹnikẹ́ni nínú wa wáyé. Kò yẹ kí àmì orí ọ̀rọ̀ wa wá máa di àmì ìbéèrè ní ìlú yìí kan náà.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. POSIX tó o rí yẹn, kò mọ̀ ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Tẹ `sudo dpkg-reconfigure locales`, wàá rí àkójọ gígùn kan. Sàmì sí `yo_NG UTF-8`, kó o sì yàn án nígbà tó bá béèrè èyí tí yóò jẹ́ ti gbogbo ètò. Jáde, tún wọlé. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ṣí terminal láti inú ojú wíńdò, kì í ṣe ojú dúdú tó ń jáde tó o bá tẹ Ctrl+Alt+F3. Fọ́ǹtì ojú dúdú yẹn ò lè gbà ju àwòrán lẹ́tà 512 lọ, kì í sì í to àmì ohùn lé orí ọ.

Èkejì ló jinlẹ̀, jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Mú lẹ́tà ọ̀ kan ṣoṣo. Lójú tèmi tìrẹ, ọ̀kan ni. Nínú kọ̀ǹpútà, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà kọ ọ́. Ẹnì kan lè mú ọ tó ti ní ẹsẹ̀, U+1ECD (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n nìyẹn), kó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e, U+0300. Ẹlòmíràn á mú o lásán, á fi àmì abẹ́ sí i, U+0323, á wá fi ohùn lé e. Ẹnì kẹta á mú ò tó ti ní ohùn, U+00F2, á wá fi àmì sí i lábẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ni ojú rí. Kíbọọ̀dù fóònù kan á kọ ti àkọ́kọ́, kíbọọ̀dù mìíràn á kọ ti kejì. Ìwọ wá ní kí mutt wá ọ̀kan. Nọ́ńbà ló ń wò, kì í wo àwòrán. Àwọn mẹ́ta tó rí, àwọn tó kọ ọ́ bíi tìrẹ ni. Ìyókù wà níbẹ̀, aṣọ mìíràn ni wọ́n wọ̀. Bí ẹ̀kọ ìdáná àti ẹ̀kọ́ ìwé bá tún wọ̀ ọ́, wàá rí i pé bí a bá yọ àmì kúrò pátápátá kí wíwá lè rọrùn, a ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àmì ni ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún ìwé tí àwọn ènìyàn bá gbé wá fún mi láti tẹ̀ ni pé mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo kí n tó fọwọ́ kàn án. `sudo apt install icu-devtools`, wàá rí ètò kan tó ń jẹ́ `uconv`:

`uconv -x any-nfc lẹta.txt > lẹta-tuntun.txt`

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ti àkọ́kọ́, bí ojú ṣe rí i kò ní yí padà. Fi kọ èsì tìẹ bẹ́ẹ̀, kí ohun tó ń jáde lọ́dọ̀ rẹ lè dọ́gba. Àwọn tó ń wọlé wá, má fọwọ́ kan fáìlì wọn nínú Maildir, o lè ba nǹkan jẹ́ láàárín mbsync àti ọ̀hún. Fún wọn, fi nọ́ńbà sí àkọlé lẹ́tà oníbàárà kọ̀ọ̀kan nígbà tó o bá ń dá wọn lóhùn, bíi AD-014. Tí wọ́n bá ti dáhùn, nọ́ńbà náà á bá àkọlé padà wá. `l` lẹ́yìn náà `~s AD-014`, gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọ àti ẹni yẹn á tò sílẹ̀. Nọ́ńbà kò ní ohùn, kò ní ẹsẹ̀, ibi gbogbo ló ti jẹ́ ọ̀kan.


Aláró Ìtòkú kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ti yan `yo_NG`. Orúkọ ìyá mi ti padà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lórí mutt. Mo ti fi nọ́ńbà sí gbogbo oníbàárà, mo dé AD-031. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ẹ̀kọ àti ẹ̀kọ́ yẹn, mo ka ìyẹn sétí ìyá mi, wọ́n ní kí n kí yín.

Lánàá, iná lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì bá a lọ. Mo kọ èsì mẹ́rin lórí bátìrì. Mò ń tẹ Ctrl+O bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n ṣe é, mi ò sì gbọ̀n wàrìrì rárá. `msmtp-queue -d` fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn mí kí n tó sùn. Láàárọ̀, mo gbé láptọ́ọ̀pù gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò wa níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró dáadáa, mo tẹ `-r`. Wọ́n ń lọ níkọ̀ọ̀kan, mo ń wo orúkọ wọn.

Àmì lẹ́tà ńlá kan sì wà níbẹ̀ láti Jámánì, AD-007, àwòrán ló wà nínú rẹ̀. Mo tẹ `F`, mbsync lọ gbé e wá. Dovecot ti wà lórí láptọ́ọ̀pù láti ọjọ́ Sátidé, àbúrò Alábàtà, o ṣeun gan-an. Ìyá mi wò ó lórí fóònù wọn nídìí ìkòkò aró, aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí dé ìgbọ̀nwọ́, àbúrò wọn ló ń bá wọn fi ìka fẹ àwòrán náà. Ìró àtijọ́ kan ni, ẹlẹ́kọ, ìlà rẹ̀ tínrín bí òwú. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ìyẹ́ tí wọ́n fi ya á kéré sí èyí tí àwa ń lò, wọ́n ti gé etí rẹ̀, àwọn á ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n sọ fún oníbàárà pé ìró kan á gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin, owó rẹ̀ ò sì lè jẹ́ ti tẹ́lẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó wà nínú ìlà báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì là ń retí.